Erùpẹ̀ Tí Mo Fi Rán Awakọ̀ Sí Ọ

Ìyá mi kékeré,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé oorun ń kùn ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀dì tí o ní ó máa ń ké nígbàkigbà tí o bá yíra padà ti dákẹ́? Bí o bá béèrè àwa, a wà, a ò ṣàìsàn, a ò sì sanra. Ọlọ́run tí kì í tòògbé yóò máa bá mi wò ọ́ níbi tí ojú mi ò tó. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní gbé ọ dé ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Ìwé tí ò ń kà yóò tán, ìwọ ò ní tán. Ṣe àmín sókè, má ṣe é sábẹ́ ètè bí o ti máa ń ṣe tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá wà nítòsí.

Ewúrẹ́ wa ti bí méjì, ọ̀kan jọ ìyá rẹ̀, èkejì kò jọ ẹnikẹ́ni. Òrùlé yàrá rẹ kò jò mọ́, ibi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀ ni mo ń sọ, ibòmíràn ló ń jò báyìí. Télọ̀ iwájú ilé wa ra máṣìnì tuntun tó ń lo iná, láti ọjọ́ náà ni iná ò ti wá déédéé, ó sì ń wo gbogbo àdúgbò bí ẹni pé àwa la kó iná pamọ́ sábẹ́ ẹní.

Mo rí ìwé rẹ gbà. O bi mí bóyá kí o fi ẹ̀kọ́ tí o yàn yìí sílẹ̀, kí o padà sí ti ìṣirò owó tí bàbá rẹ fẹ́, kí àlàáfíà lè wà. N kò fẹ́ dá ọ lóhùn ní gbólóhùn kan, nítorí ọ̀rọ̀ tí a gé lórí tí a tún gé nídìí, ẹni tí a fún kò ní mọ ibi tí yóò ti dì í mú. Jókòó, kí n sọ bó ṣe lọ láti ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ yín ti dé.

Akọ̀wé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló bá mi kà á, nítorí lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Nígbà tó pe orúkọ ẹ̀kọ́ náà, ó ní ìmú-ilẹ̀-àti-ohun-ẹlẹ́mìí-inú-rẹ̀-bọ̀-sípò. Mo ní kó tún un pè. Ó tún un pè, mo sì ní kó jókòó kó mu omi. Mo bi í pé ibo ni ilẹ̀ lọ tí wọ́n fi fẹ́ mú un bọ̀. Ó ní ilẹ̀ tí wọ́n ti bà jẹ́ ni, tí wọ́n gé igi rẹ̀ tán tàbí tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ kó lọ, òun ni ẹ ó máa tọ́jú títí koríko, igi, kòkòrò àti ẹyẹ yóò fi padà síbẹ̀. Mo ní dókítà ilẹ̀ nìyẹn. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mo ti gbé e lórí, n kò lè sọ̀ ọ́ mọ́, gbogbo ẹni tó bá ti kí mi ni mo ń sọ ọ́ fún.

Ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n ti béèrè ẹni tí wọn yóò pè bí wàhálà bá dé. Mo ní kó kọ Ọlọ́run síbẹ̀. Ó ní nọ́ńbà fóònù ni wọ́n ń fẹ́. Mo ní Ẹni yìí ni èmi ń pè láti kékeré, n kò fi nọ́ńbà pè é rí, obìnrin kankan ò sì gbé e rí láti sọ fún mi pé kò sí ní àrọ́wọ́tó. Akọ̀wé wò mí títí, ó sì kọ nọ́ńbà télọ̀.

Ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ bàbá ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Bàbá rẹ ń nu ṣọ́bìrì rẹ̀ lọ́wọ́ nítòsí wa. Ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ pé òun ni ó gbẹ́ kòtò. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní, bàbá, ṣebí bíríkì lẹ̀ ń ṣe. Bàbá rẹ ní bíríkì ti lọ, àwọn tó rà á ló ni ín, kòtò ló kù sí òun lọ́wọ́. Ó dìde, kò fọwọ́ sí ìwé náà.

Ìwọ náà mọ kòtò ẹ̀yìn ilé ìdáná wa. Kí wọ́n tó bí ọ, ilẹ̀ pupa tó dára ló wà níbẹ̀, koríko rẹ̀ ga dé orúnkún mi. Inú rẹ̀ ni bàbá rẹ ti gbẹ́ gbogbo erùpẹ̀ tó fi gé bíríkì, bíríkì náà ló sì rán ọ nílé ìwé láti kékeré títí o fi wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá. Ohun tí o kò tíì rí ni bí kòtò náà ti ń rìn. Bí òjò bá ti rọ̀, omi ojú ọ̀nà á wọ inú rẹ̀, á gé díẹ̀ lára etí rẹ̀ lọ. Ó ti dé ẹ̀yìn ilé ìdáná báyìí. Ògiri ti là, ọwọ́ mi wọ ibi tó là náà, n kò sì fẹ́ sọ fún ọ nítorí mo mọ̀ pé o máa ń sunkún tí o kò bá rí nǹkan ṣe sí i.

Lẹ́yìn náà ni télọ̀ bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní bí ọmọ mi bá di dókítà ilẹ̀ tán, ilẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ta ni yóò bá a sanwó? Mo ní kí akọ̀wé bá mi bi ọ́, o sì fi ohùn rẹ ránṣẹ́ nínú fóònù. Mo kọ́kọ́ kí ohùn náà, kò dáhùn, ó kàn ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ, mo ní àṣé ìlú ńlá lè sọ ọmọ di báyìí, kó tó di pé wọ́n ṣàlàyé fún mi pé o kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ nìkan lo fi sílẹ̀. O ní àwọn tó ń la ọ̀nà, àwọn tó ń wa kùsà, ìjọba, àwọn tó ń fa omi sí ilé onílé, gbogbo wọn ló ń gba irú yín síṣẹ́, àti pé níbi púpọ̀, ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ tó sì bà á jẹ́, òfin ní kó sanwó àtúnṣe rẹ̀. Inú mi dùn. Mo gbé ohùn rẹ sókè kí télọ̀ lè gbọ́ ọ láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. N kò mọ̀ pé bàbá rẹ wà lẹ́yìn ògiri.

Ó wọlé, kò jẹun tó bó ti máa ń jẹ. Ó bu omi fọ ọwọ́, ó nu ún, ó sì bi mí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní: "Ṣé yóò mú ìwé owó àtúnṣe wá fún èmi náà?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Ó ní nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé, èyí tí yóò máa tọ́ka sí ẹ̀yìn ilé òun ni ọmọ òun lọ yàn. Ọmọ mi, kì í ṣe pé ó kórìíra ẹ̀kọ́ rẹ. Ojú ló ń tì í. Nígbà tí mò ń sọ fún ọ pé orí ló ń fọ́ bàbá rẹ nígbàkigbà tí o bá ní kí n gbé fóònù fún un, orí ò fọ́ ọ. Ó máa ń lọ dúró sí ìdí ewúrẹ́ títí tí o fi máa sọ pé ó dàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di ti erùpẹ̀. Mo mọ̀ pé o ti fi mí ṣe ẹ̀rín káàkiri ilé ẹ̀kọ́ yín, n kò bínú. Ìwọ lo ní kí n fi ibi tí kòtò náà wà ránṣẹ́ sí ọ. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo ní a kò lè fi gbogbo ibì kan ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́ a máa ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, mo bu erùpẹ̀ rẹ̀ kún agolo, mo fi gèlè àtijọ́ dì í, mo sì gbé e fún awakọ̀ tí a ń pè ní Ẹ̀sọ̀-Ẹ̀sọ̀. Ó ní, ìyá, kí ló wà nínú ẹrù yìí. Mo ní ibi tí kòtò wà ni. Ó ní ibo. Mo ní ibẹ̀ náà. Ó gbé e sábẹ́ àga rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí o pè tí o sì ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú ọ, tí o ní nǹkan kan wà tí a ń tẹ̀ lára fóònù tí yóò fi ibi tí a wà hàn. N kò mọ̀ pé fóònù mọ ibi tí mo wà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń da aṣọ bò ó kí n tó wẹ̀.

Ṣùgbọ́n o kò da erùpẹ̀ náà nù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé n kò bí olófòó. O dà á sínú abọ́ pẹrẹsẹ lójú fèrèsé rẹ, o ń wọ́n omi sí i, èmi ò tilẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ tí àwòrán rẹ̀ dé, mo rò pé oko ẹnì kan ni wọ́n ṣèèṣì fi ránṣẹ́ sí mi. Koríko tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àti àwọn nǹkan kan tí wọ́n ní ewé méjì-méjì. Mo tẹ ohùn tó tẹ̀lé e, o sì ní: "Màmá, n kò gbin nǹkan kan sí i o. Inú erùpẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ti jáde. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, omi tó dúró ni wọ́n ń wá."

Mo gbé fóònù náà lọ bá bàbá rẹ níbi tó jókòó sí lórí àwọn bíríkì tí kò tà. Mo rò pé yóò dìde. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ní ta ló fún ọ ní irúgbìn. Mo tẹ ohùn rẹ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ó ní kí n tún un tẹ̀ sí i, títí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé iná òun fẹ́ kú. Ó yọ awò, ó fi ẹ̀wù nu ún, kò sì sí eruku lára rẹ̀. Ó ní: "Mo rò pé mo ti pa á ni."

Mo jókòó tì í. Mo bá a yọ ẹrẹ̀ kúrò ní etí ṣòkòtò rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn bíríkì tí kò tà yẹn sọ̀ kalẹ̀. O rántí ohùn tí o fi ránṣẹ́ ní ìgbà kan pé omi tó bá ń sáré ló ń jí ilẹ̀ gbé, kí á mú un rìn. Èmi tí mo gbọ́ ọ ti gbàgbé. Bàbá rẹ tí kò sí nítòsí, tó wà ní ìdí ewúrẹ́, kò gbàgbé. Ó to bíríkì ní ìlà dábùú ọ̀nà omi, ìlà kan lókè, òmíràn nísàlẹ̀ rẹ̀, ìkẹta nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì kó òkúta dí àárín wọn. Òjò tó tẹ̀lé e kì í ṣe ti eré. A dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, à ń wo omi pupa bó ti ń bọ̀ pẹ̀lú ariwo. Ó dé ìlà kìíní, ó dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, ó wá rọra ń yọ́ kọjá, ó sì ń sọ ẹrẹ̀ tó kó lọ́wọ́ sílẹ̀. Ìlà kẹta ya. Bàbá rẹ fẹ́ sáré jáde lọ fi ara dì í, mo fà á láṣọ. Nígbà tí òjò dá, ẹrẹ̀ ti jókòó sẹ́yìn ìlà méjì òkè, etí kòtò ò sì sún mọ́ wa sí i. Ògiri ṣì là bó ti là, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo sun oorun tó dénú.

Ọjọ́ yẹn náà ló bi mí pé fọ́ọ̀mù yẹn dà. Akọ̀wé tún wá. Bàbá rẹ fọwọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ pupa, ó sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ bébà náà. Ẹ̀sọ̀-Ẹ̀sọ̀ ló ń mú un bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, nítorí náà fún un ní àyè, yóò dé. Èsì ìbéèrè rẹ nìyẹn. Má fi í sílẹ̀. Kọ́ ọ débi tí wọ́n ń kọ́ ọ dé. Télọ̀ ti ń bi mí báyìí bóyá dókítà lè wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù òun náà, mo ní kó lọ tò sẹ́yìn, aláìsàn kìíní ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, má sọ pé mo ti dé. Ẹnu ṣọ́bìrì ti kú, ọṣẹ ti tán, wọ́n sì ní dátà inú fóònù mi ti tán, mo wá a lábẹ́ ìrọ̀rí, n kò rí ibi tó já bọ́ sí. Ìwọ̀nba tó bá wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o fi ránṣẹ́, má lọ yá. Fún Ẹ̀sọ̀-Ẹ̀sọ̀, má fi gba báǹkì. Báǹkì kọ̀wé sí mi pé oníbàárà àwọn ọ̀wọ́n, inú mi dùn, mo dá wọn lóhùn, mo béèrè ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Wọn ò fèsì, wọ́n tún yọ owó díẹ̀ fún ìkíni.

Iṣẹ́ rẹ ò ní ya lọ́wọ́ rẹ. Ibi tí o bá fi ọwọ́ kàn yóò sọ pé èèyàn kọjá níbẹ̀. Àwọn tó ń bi wá pé kí lo lọ kọ́, ẹ̀mí wọn yóò gùn kí wọ́n lè rí i.

Mo ti fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé ni bàbá rẹ wọlé, ó bi mí ẹni tí mò ń kọ ọ́ sí bí ẹni tí kò mọ̀. Ó jókòó, ó ń wo bébà náà. Ó ní: "Sọ fún un pé tó bá ń bọ̀, kó wọ bàtà tó nípọn. Ẹ̀rún bíríkì pọ̀ nísàlẹ̀ yẹn."

Mo ní ṣé kò sí nǹkan mìíràn. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ò ní fọwọ́ kan apá ọ̀tún kòtò náà. Ó ní kí o wá ṣe é fúnra rẹ, òun yóò máa gbé òkúta fún ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ tó ń retí rẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.