Irin Tí Búráímọ̀ Ń Bèèrè

Sí Yísá àbúrò mi ní Kùmásì,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo ará Ìlọrin tó wà lọ́dọ̀ yín. Ìyá wa ń kí ọ. Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn wọ́n, orí ìjókòó ni wọ́n ti ń kírun. Iṣu wa ò ta dáadáa lọ́dún yìí.

Yísá, ọ̀rọ̀ Búráímọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fẹ́ sọ. O mọ mọ́tò tó rà lọ́wọ́ òyìnbó, èyí tí ẹ̀rọ kan ń fipá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó ń sáré gan-an, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ bàjẹ́. Búráímọ̀ tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ lágbàlá wa, ó ní òun á tún un tò kó lè tọ́jọ́. Alágbẹ̀dẹ rọ irin tó nípọn fún un. Lọ́jọ́ tó ṣáná sí mọ́tò náà, ó bú ramúramù, inú gbogbo ilé dùn. Àfi bí irin kan ṣe já, tí omi gbígbóná tú sí i lójú. Dókítà ní kò ní ríran mọ́.

Síbẹ̀, láràárọ̀ ló ń ní kí n fa òun lọ sídìí ẹ́ńjìnnì náà. Á máa fọwọ́ tọ́ ọ wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, irin yẹn ni kò le tó. Ẹ ní kí Yísá fi èyí tó le ránṣẹ́."

Mo ti jíṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má fi irin kankan ránṣẹ́. Má sì sọ pé o ò ní fi ránṣẹ́.

Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Ṣáà kọ̀wé pé o ṣì ń wá a. Èmi ni n ó kà á fún un.

Èmi Sàláú, ẹ̀gbọ́n yín.