Ọkọ̀ Tí Epo Kì Í Dúró Sí Lára

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ mi kékeré tó máa ń tàpá nínú fóònù. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ṣé o máa ń ti ilẹ̀kùn kí o tó sùn? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí yóò mú wa sáré wá bá yín, torí ọkọ̀ tí a ó fi sáré gan-an ni mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí.

Ara mi le díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi tún ga, ó ní kí n yé ronú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú nípa bí ènìyàn ṣe ń yé ronú.

Ojú ìyá rẹ ló ká mi lára jù. O mọ̀ pé a pàdánù ọjọ́ tí ilé ìwòsàn ojú dá fún wa láti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀, nítorí ọkọ̀ kọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì fi kú. Wọ́n ti wá dá Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, akọ̀wé wọn sì ní bí a bá tún pa á jẹ, ẹ̀yìn gbogbo èrò ni a ó lọ tò sí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ojú yẹn kò lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Lánàá, ìyá rẹ kí aṣọ tí a sá sórí okùn, ó sì bínú pé kò dá òun lóhùn.

O ní kí n ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin, ká máa wọ takisí. Mo ti rò ó. Ṣùgbọ́n onítakisí wa kì í gbéra àfi bí èrò bá kún, dókítà kì í sì í dúró de èrò.

Mo bá pe mẹkáníìkì, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ-Dákẹ́-Ná, torí ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn bó bá ti dé ìdí ọkọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé láàárọ̀, ọkọ̀ kì í fẹ́ jí, ṣùgbọ́n bó bá ti jí, nǹkan kan kì í ṣe é mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo ní mo tiẹ̀ ti dá ọgbọ́n sí i: orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ni mo ń gbé e sí, mo dorí rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀, kí epo lè máa ṣàn lọ bá ẹ́ńjìnnì. Ó wò mí títí, ó ní ṣé mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà bì ni.

Ó so géèjì tó ń wọn agbára tí epo fi ń tì mọ́ ọ̀pá tí epo ń gbà lọ sí ínjẹ́tọ̀, èyí tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́, kí n má tíì sítáátì. Abẹ́rẹ́ géèjì gòkè. Bí mo ti pa á, abẹ́rẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè láti ìsàlẹ̀. Ó ní pọ́ńpù ṣì lágbára láti ti epo dé iwájú, ṣùgbọ́n epo kì í dúró níbẹ̀. Mo sọ fún un pé nọ́ọ̀sì náà ní irú géèjì yìí, abẹ́rẹ́ tèmi ni ó ń fẹ́ kó wálẹ̀, ti ọkọ̀ ni a kò fẹ́ kó wálẹ̀. Ṣé kò sí bí àwa méjèèjì ṣe lè pín in? Ó ní kí n dákẹ́ ná.

Ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbẹ, epo kò jò síta. Ó tú púlọ́ọ̀gì wò, àwọn náà gbẹ, ó ní ínjẹ́tọ̀ kò jò nìyẹn. Mo tún yí kọ́kọ́rọ́, ó fún rọ́bà tó ń dá epo padà sí táńkì pa, abẹ́rẹ́ ṣì ń wálẹ̀. Mo tún yí i, ó fún rọ́bà tó ń gbé epo bọ̀ láti ọ̀dọ̀ pọ́ńpù pa, abẹ́rẹ́ dúró gbọin. Ó ní ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́: fálúfù kékeré inú pọ́ńpù, tó yẹ kó máa tilẹ̀kùn mọ́ epo lẹ́yìn, ló ti gbó. Bí a bá ti pa ọkọ̀, epo á rọra padà sílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi náà ń wọ yàrá, n kì í sì í rántí ohun tí mo wá mú. Agbára àtilọ kò tíì tán, ohun tí a fi ń dúró ló gbó. Ẹnikẹ́ni kò sì tà mí fún àwọn tó ń ra irin.

Ó kọ́ mi pé kí n máa yí kọ́kọ́rọ́ títí pọ́ńpù yóò fi kùn, kí n pa á, kí n tún yí i, kí epo lè dé iwájú kí n tó sítáátì. Etí mi kò gbọ́ kíkùn kankan. Ìyá rẹ, tó jókòó sẹ́yìn, ní abẹ́ ìdí òun, níbi tí pọ́ńpù wà, ló ti ń kùn. Òun ló wá ń pè é fún mi: ó ń kùn, ó ti dákẹ́, ó yá, tún yí i. Láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ-Dákẹ́-Ná ní òun yóò gba ìyá rẹ síṣẹ́, ìyá rẹ sì ti ń fi ìyẹn yangàn sí mi láti àárọ̀.

Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé ọgbọ́n lásán nìyẹn, kì í ṣe ìwòsàn. Jọ̀ọ́, fi owó pọ́ńpù ránṣẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Má fi í ránṣẹ́ nígbà tí òjò bá ń rọ̀ o, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dára, n kò fẹ́ kí owó sùn sójú ọ̀nà.

Bí wọ́n bá sì ti tú aṣọ lójú ìyá rẹ, pè wá lórí fídíò, kí o gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Ó ní ojú ọmọ yẹn ni òun fẹ́ kọ́kọ́ rí. Mo ti wá abẹ́ ibòòji kan sílẹ̀ fún fóònù, kí oòrùn má baà pa ọmọ náà.

Ohun tí o bá tì síwájú kò ní padà sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ kò ní gbó.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò tíì yé ronú.