Rédíò Pa Gòjé

Ọjọ́rú, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì 1978
Asọ̀rọ̀mágbèsì ni gbogbo ayé ń pe rédíò. Wọn ò tíì gbúròó èmi Táíwò ni. Lánàá mo wọ ilé iṣẹ́ rédíò, mo lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan péré, àwo orin mẹ́tàdínlógún já bọ́ lórí pẹpẹ, ọ̀gá wọn pátápátá dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orin ta ni kí á fi sí i?" Mo ní ti Gòjé. Ọ̀rọ̀ parí.

Gòjé — bàbá tó bí ìyá mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dán an wò lójú ẹ̀, eyín díẹ̀ ló máa ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu. Ó fi gòjé kọrin sákárà nígbà èwe ẹ̀, àwo kan ṣoṣo ló ṣe. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí ó bá ti ku díẹ̀ kí ètò Orin Àná bẹ̀rẹ̀, á wẹ̀, á dé fìlà, á jókòó ti rédíò bí ẹni tó ń retí àna. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń fi tiẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn ẹ̀ bá ti jáde, á wò wá lójú yíká: "Ẹ gbọ́ yẹn?"

Láti iléyá, kò tún gbọ́ ọ mọ́. Gbajúmọ̀ kékeré kan ti gba ètò náà. Mo sọ ọ́ ní Gìgísẹ̀ — bàtà ẹ̀ ga ju ìwé tó kà lọ. Ó ti gé Orin Àná sí méjì, dísíkò ti jẹ ìdajì. (Mo fẹ́ràn dísíkò. Kí Gòjé má gbọ́.)

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Gòjé ṣí fìlà kí ètò tó parí. Ó ní, "Ṣé mo tiẹ̀ kọrin rí, àbí mo lá a ni?" Láti ìgbà náà ni ara mi ò ti balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10
Oúnjẹ ò lọ. Mo gun òkè Mápó, mo sọ̀. Mo lọ Ọjà'ba, mo bọ̀. Sìdí ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣé ìjàlọ ló wọ ṣòkòtò ẹ ni?"

Wọ́n fi í sí i! Ojú àwo méjèèjì! Gòjé dìde dúró, ìyá mi ń sunkún. Gòjé ń pariwo "Ẹ gbọ́ yẹn?" débi pé wọn ò gbọ́ ohun tí Gìgísẹ̀ sọ lẹ́yìn orin.

Èmi gbọ́.

Ẹtì, 11
Ilé kún! Oòrùn ò tíì yọ dáadáa tí àwọn ìyá àdúgbò Oníyanrìn ti fi ẹkún wọlé. "Àríkẹ́, kú ará fẹ́ra kù o!" Ìyá mi ní, "Ará ta ló fẹ́ra kù?" Ìgbà náà ni Gòjé yọ láti ẹ̀yìnkùlé, tòun torín lẹ́nu. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ tó bá wọn wá fẹsẹ̀ fẹ, bàtà ẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa títí di ìsinsìnyí.

Olóògbé ni Gìgísẹ̀ pè é lórí afẹ́fẹ́. "Olóògbé Sàlámì ti Bẹ́yẹrúnká, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ."

Ìyá arúgbó kan fọwọ́ kan Gòjé, ó tún fọwọ́ kàn án, ó wá gbá a léjìká: "Sàlámì, o ò ṣe dáadáa! Mo ti sunkún mi tán kí n tó kúrò nílé!"

Sìdí ní, "Táíwò, bàbá yín le o. Ó kú tán, ó tún ń run orín."

Mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. 

Àbámẹ́ta, 12
Ìyá mi fẹ́ lọ bá wọn ní rédíò kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe. Gòjé ní, "Àríkẹ́, jókòó. Nígbà tí mo wà láàyè, ṣé wọ́n fi mí sí i? Jẹ́ n kú díẹ̀ sí i."
"Bàbá, ẹnu yín!"
"Ẹnu yìí náà ló kọrin."

Ọjọ́bọ̀, 17
Wọ́n tún fi í sí i. Gòjé ní ká ti ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má rí i kó lọ sọ. Kò jáde sí ojúde láti ìjẹrin. Ilé ti há jù.

Ẹtì, 18
Kò lọ kírun Jímọ̀. Ó ní kí ni olóògbé ń wá níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 24
Wọn ò fi í sí i. Olórin kan ló kú ní Òkè-Àdó — ìyẹn kú lóòótọ́ — òun ni wọ́n fún ní gbogbo àkókò. Gòjé dúró títí ìròyìn fi dé. Fìlà ṣì wà lórí ẹ̀.

"Wọ́n ti gbàgbé òkú mi náà," ló wí. Ó yíjú sí mi. "Táíwò, ta ló sọ fún wọn pé mo kú?"
Mo ní, "Bàbá, àṣìṣe wọn ni."
"Àṣìṣe tó mọ orúkọ mi, tó mọ àdúgbò mi?"

Mo ní mò ń lọ pọnmi. Ìdí ẹ̀rọ omi ni mo ti ń kọ eléyìí, kòròbá ò tíì kan omi. Mò ń gbọ́ ọ, ó ń pè mí.

Tábìlì tí mo ní mo lù — irọ́ ni. Àwo kankan ò já bọ́. Ẹnikẹ́ni ò dọ̀bálẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo ń lọ́ etí ẹ̀wù mi mọ́wọ́. Gìgísẹ̀ ní àwọn tó ti kú nìkan ni ìdajì tó ṣẹ́kù wà fún. Mo bá nu ojú mi, mo ní, "Àná la sin bàbá wa."

Ó kọ orúkọ àti àdúgbò tí mo sọ fún un sílẹ̀. Kò tiẹ̀ bi mí ohun tó pa á.