Ọ̀rọ̀ Ṣéhù Onítíì àti Bẹ́ǹṣì Tó Ṣófo

Ojúlé Kẹsàn-án,
Àdúgbò Sábó,
Òrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Èrèlé, ọdún 2025.

Alága,
Ẹgbẹ́ Awakọ̀ Ìrẹ̀pọ̀dùn,
Gáréèjì Àlùbọ́sà,
Òrè.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ ṢÉHÙ ONÍTÍÌ TÍ WỌ́N LÉ KÚRÒ NÍ GÁRÉÈJÌ LÁÌṢẸ̀

1. "Ìjọba yín ti jáde nínú ẹgbẹ́, ìwọ náà jáde nínú gáréèjì! Kó ìkòkò tíì ẹ, kóo máa lọ Niger!" Ohun tí akọ̀wé yín, Àlhájì Rìlwánù, pariwo mọ́ bàbá mi láàárọ̀ yìí nìyẹn, lójú gbogbo èrò. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. N kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀.

2. Ẹ mọ bàbá mi. Àwọn ni Ṣéhù tó ń ta tíì lábẹ́ igi mángòrò, tí wọ́n máa ń gbọ́ ìròyìn Haúsá lórí rédíò láràárọ̀, tí wọ́n á wá sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn awakọ̀. Ọmọ Dosso ní orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti lo ọdún mọ́kànlélógún ní Òrè. Ìkálẹ̀ ni ìyá mi, Araròmí-Obu ni wọ́n bí wọn sí. Òrè ni wọ́n bí èmi.

3. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ẹ ṣì wà ní Mẹ́kà, orílẹ̀-èdè Niger kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ tó so àwọn orílẹ̀-èdè apá ibí pọ̀. Bàbá mi náà ló túmọ̀ ìròyìn yẹn. Ohùn wọn ń wọlẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan mọ ògiri sáàárín ilé kan ṣoṣo. Wọn ò jẹun. Nígbà tó di Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn awakọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àríyànjiyàn: ṣé kí Niger máa lọ ni, àbí kó dúró?

4. Ẹ̀yin lẹ fi òfin àríyànjiyàn lélẹ̀. Bẹ́ǹṣì méjì ló wà, èrò kan sí ọ̀kan, èrò kejì sí èkejì. Bí bẹ́ǹṣì kan bá ṣófo, kò sí àríyànjiyàn, kálukú á padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ẹnì kan a máa yá ara rẹ̀ fún bẹ́ǹṣì tó ṣófo, á gbèjà ohun tí kò gbà gbọ́, kí ọ̀rọ̀ lè dùn. Kò gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yá ara òun. Ẹni tó ń kọ ìwé àkọsílẹ̀ àríyànjiyàn ni yóò kọ "ó yá ara rẹ̀" síwájú orúkọ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Bándélé tó ní oko kòkó ti jókòó síbẹ̀ rí, wọ́n ní kí owó kòkó wálẹ̀. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó lọ gé igi kòkó wọn.

5. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, bẹ́ǹṣì "kó dúró" kún dẹ́nu. Èkejì ṣófo. Àwọn awakọ̀ ń pariwo pé, "Ṣéhù, bọ́ síbẹ̀ jàre, ìwọ lo ni Niger!" Bàbá mi gbé ife sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n lọ jókòó síbẹ̀ àwọn nìkan.

6. Èmi ni mo ń kọ ìwé. Ìdí tí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí. Àlhájì Rìlwánù máa ń gbé ìwé náà fún mi torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé JSS kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Nígbà tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Yorùbá wọn ń dà rú, àwọn èèyàn ń sín wọn jẹ. Fẹ́mi agbèrò ní, "Ẹ bá wa wá ògbifọ̀ fún ògbifọ̀ o!" Ojú tì mí. Ẹ̀yin Ọ̀gá, bàbá tó bí mi ni mo ń tijú. Mo kọ "Ṣéhù ní kí Niger máa lọ," mo pa ìwé dé, mo sá lọ sílé. N kò kọ "ó yá ara rẹ̀."

7. Lánàá, akọ̀wé ka ojú ìwé yẹn sétí ìgbìmọ̀. Mo mọ ohun tó ń dun Àlhájì. Lọ́dún 2023 tí ìjọba ti ibodè Niger, odidi ọkọ̀ àlùbọ́sà kan ló jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi kọ́ ló ti ibodè. Rédíò pàápàá sọ pé ECOWAS ní kí ẹnikẹ́ni má tíì yọ ọmọ Niger lẹ́nu. Bàbá mi gbọ́ ọ. Síbẹ̀, láàárọ̀ yìí, wọ́n kàn ní, "Kò burú, Àlhájì." Wọ́n kó ìkòkò wọn. Bẹ́ǹṣì méjèèjì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn, wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn tó lé wọn.

8. Wọ́n ti sọ fún ìyá mi pé àwọn yóò bá ọkọ̀ àlùbọ́sà tó ń padà sókè, ọ̀nà Niger, lọ ní Ọjọ́bọ̀, pé àwọn fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé. Ará ilé wo? Ìyá wọn ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ìyá mi ń gbọ́, wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ. Bàbá mi rò pé Àlhájì ló parí ìwé lẹ́yìn tí mo sá lọ, pé àwọn ló gbàgbé láti kọ "ó yá ara rẹ̀." Wọn ò lè ka Yorùbá, wọn ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ni.

9. Mo bẹ̀ yín, kí Ọjọ́bọ̀ tó pé, ẹ pe ìgbìmọ̀ jọ. Ẹ bi Ìyá Jàmíátù oníbúrẹ́dì àti Bọ̀ọ̀dá Bándélé, tí wọ́n wà níbẹ̀, bóyá bẹ́ǹṣì yẹn kò ṣófo kí bàbá mi tó jókòó. Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tó yẹ kí n ti kọ, lójú gbogbo wọn, lójú bàbá mi náà. Bí ìyà bá wà níbẹ̀, èmi ni kí ẹ fi jẹ.

Bí Ọjọ́bọ̀ bá dé tí ẹ kò pè wá, mo ti pinnu ohun tí màá ṣe. N kò ní sọ fún ìyá mi, n kò ní sọ fún bàbá mi, ẹ̀yin náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí. Aṣọ mi méjèèjì tó mọ́ ti wà nínú àpò. Ọkọ̀ tó bá ń padà sókè kì í ní ẹrù, àyè pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ọmọ yín tó jẹ̀bi,
Ùmmúkùlsùm Ṣéhù,
Ọmọ onítíì.