Mo Rí Ìgbì Nínú Páìpù Gbígbẹ

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Irọ́ ni wọ́n fi sọ mí di dókítà. Kì í ṣe dókítà oníwòsàn o, ti ìwé ni mò ń sọ, PhD. Nígbà tí mo ń ṣe é, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni, Ọlọ́run ń gbọ́ mi... ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, mo sì panu mọ́. Ìyẹn gan-an lẹ̀ṣẹ̀ mi.

Olùkọ́ ni mí ní Àkúrẹ́ níbí. Tí ẹ bá da epo pupa kúrò nínú ìgò, ẹ mọ̀ pé díẹ̀ ṣì máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Irú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ la máa ń jẹ́ kó ṣàn lára inú páìpù tó mọ́ gaara, a ó wá fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín rẹ̀, omi náà á sì máa ru ìgbì kéékèèké. Àwọn tó ń wa epo rọ̀bì nílò irú ìmọ̀ yẹn. Ojú lásán ò lè ka ìgbì náà, torí náà a máa ń po aró kan mọ́ omi, aró tó máa ń tàn tí iná bá kàn án, kámẹ́rà á sì máa yà á. Ibi tó bá mọ́lẹ̀, omi nípọn níbẹ̀, ibi tó bá ṣú, omi tín-ín-rín. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ tó ń dín kù la fi ń ka ìgbì.

Nǹkan le koko nígbà tí mò ń ṣe é. Wọn ò san owó oṣù déédéé, iná ìjọba lè lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, garí àti ẹ̀pà lèmi àti supervisor mi jọ ń jẹ ní láàbù. Ọmọ Oǹdó ni bàbá náà, àwọn ló sọ mí di èèyàn. Iná laser wa bàjẹ́, kò sí bá a ṣe fẹ́ rí òmíràn, la bá ra iná tí wọ́n ń gbé kọ́ iwájú ilé, a so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kan náà ló ń gbé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Result wá jáde... ìwé àwọn òyìnbó sọ pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń pọ̀ ni ìgbì máa ń yára tẹ̀ lé ara wọn, tiwa ní ó ń falẹ̀! Ọ̀gá mi sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ yẹn. A tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gboyè, wọ́n gbà mí síṣẹ́.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mò ń fi í han àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo gbàgbé láti ṣí omi. Páìpù gbẹ táútáú, àbàwọ́n aró àtijọ́ nìkan ló wà lára rẹ̀, ìgbì sì ń jáde lórí kọ̀mpútà. Ẹ gbọ́ mi o, omi ò sí, ìgbì wà! Mo pa kọ̀mpúrẹ́sọ̀, jẹnẹrétọ̀ sáré sí i, ìgbì náà sáré sí i. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Iná yẹn ló ń ṣẹ́jú, ó yára ju ohun tí ojú lè rí lọ, bí jẹnẹrétọ̀ bá ṣe ń sáré ló ṣe ń ṣẹ́jú. Tí a bá fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀, ẹrù á wọ jẹnẹrétọ̀ lọ́rùn, á falẹ̀, iná náà á falẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ la kà, a pè é ní ìgbì omi. Mo ní kí àwọn ọmọ náà máa lọ, pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo tilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Rọpárọsẹ̀ ti dá ọ̀gá mi dùbúlẹ̀ l'Óǹdó nígbà yẹn, títí dòní ni. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ kí wọn. Apá kan ò ṣiṣẹ́, ẹnu ti wọ́, ṣùgbọ́n ìwé tí a tẹ̀ yẹn wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, wọ́n á ní kí n ka ibi tí orúkọ wa wà. Ta ló fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn? Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa lè sọ? Kí n má tún parọ́ lórí irọ́, mo ń bẹ̀rù iṣẹ́ mi náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ ń lé e bá. Bùnmi ló gbé òtítọ́ tèmi wá (mo yí orúkọ rẹ̀ padà). Abẹ́ mi ló ti ń ṣe PhD, Ìgbàrà-Òkè ló ti ń wọ bọ́ọ̀sì wá lójoojúmọ́. Bátìrì ló ń gbé iná tirẹ̀, kì í ṣẹ́jú. Ìgbì tirẹ̀ ń yára sí i bí afẹ́fẹ́ ṣe ń pọ̀, bó ṣe yẹ kó rí gan-an. Ọmọ yẹn tọ̀nà! Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló ti síwájú ìgbìmọ̀ wa, tí wọ́n ní kò bá iṣẹ́ tí èmi àti ọ̀gá mi tẹ̀ jáde mu, pé kò mọṣẹ́. Èmi náà jókòó níbẹ̀... mo ní kó lọ tún un wò. Tó bá tún kùnà ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ilé yá nìyẹn. Ó ti rù, ó ti ń sọ pé bóyá òmùgọ̀ lòun.

Lánàá ó kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì mi, ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lo iná àti jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ wa, pé bóyá ìyẹn ló kù. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù tí a kó wọn sí wà lápò mi. Mo mọ ohun tó máa rí. Mo la ẹnu kí n sọ fún un... ọwọ́ mi ni mo rí tó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Lọ́sàn-án òní ló pè mí, ó ń pariwo pé, "Sà, mo ti rí i! Ó bá tiyín mu pátápátá!" Ó ti kó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tó tọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń kọ irọ́ wa sínú ìwé tirẹ̀. Ó máa yege. Tí mo bá sọ̀rọ̀, oyè mi lọ, ọ̀gá mi á gbọ́ ọ lórí àìsàn. Tí mo bá dákẹ́, irọ́ di ti Bùnmi náà, títí ọjọ́ tí òun náà á gbàgbé láti ṣí omi.

Omi ti pọ̀ ju ọkà lọ. Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ìyá Bùnmi pè mí nírọ̀lẹ́ yìí, ó ń sunkún ayọ̀, ó ní tí Ọjọ́bọ̀ bá ti kọjá, kí n bá àwọn dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, pé èmi ni wọ́n fẹ́ kó dìde jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún ọmọ òun. Mo ní mò ń bọ̀... Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ni kí n dìde sọ?