Ìkẹ́dùn lórí Ikú Dókítà Oyèlékè Títíloyè, Ẹni tí Ó Wọ Kòtò Olóró Gba Òṣìṣẹ́ Là

Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Ọmọ Yorùbá,
Sapele Road, Benin,
Ìpínlẹ̀ Bendel.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 1987.

Sí Ìyáàfin Ṣọlápé Títíloyè àti gbogbo ìdílé,
Ekenwan Road, Benin.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti pẹ̀lú ìbínú tí a kò lè gbé mì, ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí fi ń bá yín kẹ́dùn ikú àbúrò wa, Dókítà Oyèlékè Títíloyè, olùkọ́ ìmọ̀ kẹ́míkà ní yunifásítì, tí ó fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí, ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Ọdún mọ́kànlá ni ó fi wà pẹ̀lú wa. Láti ìgbà tí ó ti ń gbé yàrá kan ṣoṣo ní àdúgbò Ogbe ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Yorùbá ni ó fi ń bi wọ́n ní ìbéèrè, Pidgin ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Kò bínú sí wọn rí. Yóò tún ìbéèrè náà bi wọ́n ni.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó kú lé lórí ni a fẹ́ sọ, nítorí pé àwọn kan ti ń ròyìn rẹ̀ bí kò ṣe rí. Iléeṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ìlú tí ó ń fi bàbà bo irin. Odò kékeré tí àwọn ará àdúgbò ń pọn ni wọ́n ń da omi àlòkù wọn sí, tòun ti bàbà tó ti yòrò sínú rẹ̀, tòun ti sáyánáìdì àti àwọn májèlé mìíràn. Àbúrò wa bá wọn ṣe táǹkì kan sí iléeṣẹ́ náà, ó to àwo irin sínú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí iná mànàmáná máa gba inú omi náà kọjá. Bàbà á máa lẹ̀ mọ́ àwo apá kan, wọn á ha á kúrò bí èépá, wọn á sì tún un lò. Ní apá kejì, iná náà á máa fọ́ àwọn májèlé títí oró wọn yóò fi tán.

Oṣù mẹ́ta ni táǹkì yìí fi ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ etí odò tí ara ń yún sinmi. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ní ó ń jẹ iná jù, ó sì pa á tì. Nígbà tí àbúrò wa lọ bẹ̀ ẹ́, èsì tó fún un ni pé, "Dókítà, omi kì í pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́."

Lẹ́tà méjì ni àbúrò wa kọ sí ọ̀gá náà lẹ́yìn èyí. Ó ní bí wọn kò bá tilẹ̀ ní lo táǹkì mọ́, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ásíìdì kan omi náà láéláé, nítorí afẹ́fẹ́ olóró tí yóò jáde níbẹ̀ kì í fún ènìyàn láyè. Ní ìpàdé wa ti oṣù Kejì, ó sọ fún àwa náà pé, "Bí ó bá ṣẹlẹ̀ níṣojú yín, ẹ má wọlé lọ gbé ẹni tó ṣubú. Ẹ sá."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, iléeṣẹ́ náà gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ wá wo odò. Wọ́n darí omi náà sínú kòtò kan lẹ́yìn ilé, ọ̀gá sì pàṣẹ pé kí wọ́n da ásíìdì àlòkù sí kòtò kan náà. Sùlè Jayéọlá, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, wà lórí àtẹ̀gùn inú kòtò nígbà tí afẹ́fẹ́ náà dé bá a. Àbúrò wa wá kó àwọn àwo irin rẹ̀ ní àárọ̀ yẹn. Ó mọ ohun tó wà nínú kòtò ju gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ lọ. Ó wọ inú rẹ̀.

Sùlè sọ fún wa lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé, "Ó ní kí n má mí. Ó fi èjìká tì mí lẹ́yìn, ó ní kí n máa gùn lọ. Nígbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn, mi ò rí i mọ́."

Iléeṣẹ́ náà ti wá kọ̀wé sí yín pé ó wọlé láìgbàṣẹ. Irọ́ ni. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìbuwọ́lùwé ọ̀gá wọn sì wà níwájú rẹ̀. A ti fi ojú wa rí i. Wọ́n tún pè é ní ìjàǹbá. Ohun tí a kìlọ̀ rẹ̀ fún ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, tó sì tún pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe, orúkọ mìíràn ni ó ń jẹ́. Àpò ìrẹsì tí wọ́n ní kí a bá àwọn gbé fún yín, a ti dá a padà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí a ṣe.

Ìyáàfin, ẹ kò ní dá nìkan dúró. Agbẹjọ́rò wa, Olúwakẹ́mi Adéyẹmí, ti gba ẹ̀dà lẹ́tà méjèèjì, Sùlè sì ti ṣèlérí láti jẹ́rìí. Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín, Fọláyẹmí àti Ọláwálé, di ti ẹgbẹ́ yìí títí wọn yóò fi parí. A ó sì lọ sí gbogbo ọ́fíìsì tó bá yẹ kí a lọ, títí táǹkì náà yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kí Ọlọ́run Olùtùnú wọ ilé yín, kí Ó jókòó tì yín ní àwọn ọjọ́ tí àlejò bá ti lọ tán. Kí Ó fún àbúrò wa ní ìsinmi. Ní ti àwa, a kò tíì bẹ̀ Ẹ́ pé kí Ó mú ìbínú wa rọlẹ̀. Kí Ó jẹ́ kí ó gbé wa dé ilé ẹjọ́ ná. Àmín.

Olúgbénga Oyèbọ́lá,
Alága, ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́.