Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ Ilé Alájùmọ̀ní

Ẹ ti ń fura pé olóògbé ló fọwọ́ ara wọn kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn yìí sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ojú ewé mọ́kàndínlógún ni wọ́n kọ, pẹ̀lú àwòrán ara wọn méje. Àwa ẹbí ti gé e kúrú. Kí Bàbá má ṣe bínú.

Ní ọdún 1944 ni a bí wọn, àkọ́bí agbẹ́kànga àti alágbàfọ̀. Bàbá wọn ń wá omi, ìyá wọn ń lò ó: kò yani lẹ́nu pé iṣẹ́ omi ni ọmọ wọn ṣe. Wọ́n jáde ilé-ìwé ní 1957, wọ́n sì fi ọdún márùn-ún kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ omi. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ló padà ń kọ́ ọ̀gá wọn. Ọ̀gá náà ti ṣaláìsí, kò sẹ́ni tó lè jiyàn.

Ní 1970, wọ́n gbé ìyá wa, tí ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, níyàwó.

Ní 1985, onílé fẹ́ ta ilé alájà mẹ́rin tí à ń gbé. Ìdílé mẹ́rìndínlógójì pawọ́ pọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n sì rà á, kí owó ilé má bàa lé tálákà síta. Ilé di tiwọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ bí a ti ń ṣàkóso rẹ̀. Ìjà ni ìpàdé àkọ́kọ́ fi parí. Bàbá bá gbé pátákó dúdú sí yàrá ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń kọ́ ará ilé bí a ṣe ń darí ìpàdé, bí a ṣe ń yan alága, àti bí a ṣe ń tún páìpù tó ń jò ṣe kó tó di ìjà láàárín ará òkè àti ará ìsàlẹ̀. Ilé mẹ́rìnlá mìíràn ránṣẹ́ pè wọ́n. Níbi gbogbo, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fi ń kádìí: "Ọdún méjì péré ni kí ẹnì kan fi di kọ́kọ́rọ́ mú. Ẹni tí kò bá lè gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ló ni ín."

Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ omi ilé tiwa wà lọ́rùn Bàbá fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Ìyá aránṣọ, àkọ́kọ́ nínú akẹ́kọ̀ọ́ wọn, a máa béèrè pé, "Bàbá, ọdún méjì yín ò tíì pé ni?"

"Ẹ ò tíì gbó. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, òùngbẹ á pa yín nílé yìí!"

Ẹ̀rù yẹn ń ba Bàbá fúnra wọn lóòótọ́. Kì í jẹ́ kí wọ́n sùn dáadáa. Ìyá wa a ní, "Baálé mi, ẹ kúkú fi kọ́kọ́rọ́ yìí ṣaya."

Nípa ti ìgbàgbọ́, Bàbá kì í pa àdúrà jẹ. Wọ́n a máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń rán igbákejì alága níṣẹ́.

Ní 2018, eékún dá wọn jókòó sí àjà kẹrin. Láti ìgbà náà, lárààárọ̀ ni ìyá aránṣọ ń gòkè wá, tí yóò kúnlẹ̀, tí yóò fọwọ́ méjèèjì gba kọ́kọ́rọ́, tí yóò lọ tan ẹ̀rọ, tí yóò sì dá a padà. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Kí ni à bá ṣe láìsí yín?"

Bàbá a mi orí. "Èmi náà ń rò ó."

Wọ́n papòdà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ìyàwó, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti ìdílé mẹ́rìndínlógójì tí wọn kò bí ló gbẹ̀yìn wọn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.

Lọ́jọ́ kejì, a mú kọ́kọ́rọ́ náà sọ̀kalẹ̀ láti fi lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Kò ṣí àgádágodo. Ìyá aránṣọ wolẹ̀. "Ẹ má bínú. Ọdún kẹrin rèé tí àgádágodo àtijọ́ ti bàjẹ́. A pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ gòkè lọ sọ fún wọn? Kọ́kọ́rọ́ tuntun ti dọ́wọ́ ẹni kẹta. Ọdún méjì-méjì ni, bí wọ́n ṣe kọ́ wa."

A ti fi kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ sọ́rùn Bàbá. Ẹ sinmi re o, olùkọ́ àgbà. Omi ń yọ ní àjà kẹrin.